Òsì Aṣọ Kì í Ṣe Òsì Rẹ

Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé-ìwé báyìí a máa wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ọ̀tà níbí, wọ́n á ní, "Bàbá Télọ̀, iṣẹ́ wo ni kí a kọ́?" Wọ́n rò pé nítorí mo ti fi abẹ́rẹ́ jẹun fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ọgbọ́n kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu mi. Ọgbọ́n náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ín, ẹni tí gbogbo wa pinnu pé kò ní wúlò fún ohunkóhun láyé. Bí n bá máa sọ ìtàn iṣẹ́ mi, àfi kí n sọ tirẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ gan-an lojú sì ti ń tì mí. Ẹ ní sùúrù fún mi. Àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtìjú ara rẹ̀ kì í tètè débẹ̀.

Ràímì ni orúkọ mi. Oko obì ni bàbá mi ń dá. Ó mú èmi náà lọ sóko, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo fi ọkọ́ ṣá ara mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ó ní Ọlọ́run kò fi iṣẹ́ oko sí ara mi, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Yésúfù tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ télọ̀ nìyẹn. Ayé òyìnbó ti dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ kò tíì dé Ọ̀tà. Ọwọ́ la fi ń rán ohun gbogbo.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ ná. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń tú aṣọ tó ti gbó kí wọ́n tó gbà mí láyè láti rán ẹyọ kan. Ọ̀gá Yésúfù ní ẹni tí kò bá mọ bí aṣọ ṣe ń tú, kò lè mọ bí aṣọ ṣe ń dúró. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, kì í pariwo. Hóró ọkà bàbà kan wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí o bá ránṣọ tán, á mú hóró náà jáde, á gbìyànjú láti tì í bọ àárín ojú abẹ́rẹ́ rẹ, láàárín ibi tí òwú ti wọlé àti ibi tó ti jáde. Bó bá wọlé, wàá tú gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ìwọnṣọ á sì bá ọ lọ́rùn ọwọ́. Mo ti sunkún lórí hóró ọkà ju bí mo ti sunkún lórí òkú lọ.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ ṣáá: "Òsì aṣọ kì í ṣe òsì rẹ." Ohun tó ń wí nìyí. Bí o bá tẹ́ agbádá sílẹ̀ níwájú rẹ, aṣọ náà kọjú sí ọ bí ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀tún rẹ ni òsì rẹ̀ wà. Àpò agbádá sì gbọ́dọ̀ wà ní àyà òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí o tó rán àpò, o gbọ́dọ̀ gbé aṣọ náà wọ̀ sọ́rùn ara rẹ, kí o fi ẹfun sàmì sí i. Kò sí iye ọdún tí o lò níṣẹ́ tí kò kàn ọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò fo àṣà yìí rí.

Oṣù kan náà ni èmi àti Sàlámì wọṣẹ́. Ìlú Ìtẹ̀lé, nítòsí Ọ̀tà, ni wọ́n ti mú un wá. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló ń hun ẹní tà. Orí ẹní kan la jọ ń sùn, abọ́ kan la sì jọ ń jẹ. Ó jẹ́ onísùúrù ẹ̀dá. Bí ojú bá ń dùn mí, òun ló máa ń bá mi tú aṣọ mi mọ́ tirẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tó ní ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ dáadáa. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, òsì ni ara rẹ̀ ń wá. Ọ̀gá a máa ya etí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, á fi so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìbàdí, á ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ilé baba nìyẹn o. Aṣọ tí baba fẹ́ wọ̀ lọ kírun ni ìwọ fẹ́ fi òsì rán?" Báyìí ni Sàlámì á máa fi ọ̀tún ránṣọ, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fẹ̀, hóró ọkà á wọlé, ọ̀pá á sì sọ̀ kalẹ̀. Àlùmọ́gàjí tún wá burú jù. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni òyìnbó rọ àlùmọ́gàjí fún, a kò sì mọ̀. Bí Sàlámì bá gé aṣọ, á dà bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́.

Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ kan tí ó tún gé aṣọ wọ́gọwọ̀gọ, mo ní, "Èyí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì mọ́ o, ọlọ́wọ́ òṣì ni!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í rẹ́rìn-ín. Ahọ́n kàn nípọn díẹ̀ ni, òsì di òṣì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjà ń pè é ní Òṣì. Bí wọ́n bá pè é, á dáhùn. Mo máa ń wí fún ara mi pé bí ó bá ń dùn ún ni, kò ní máa dáhùn.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan tí ará ọjà kò mọ̀. Bí Ọ̀gá bá jáde, Sàlámì á tú okùn ìbàdí rẹ̀, á fi òsì mú abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú abẹ́rẹ́ náà a máa wẹ́ débi pé o kò ní rí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo la lè gbà mọ iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Bí o bá yí aṣọ síta, tí o wo ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ tèmi a máa tẹ̀ sí ọ̀tún, tirẹ̀ a máa tẹ̀ sí òsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọdún kẹfà wa ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olóbì, tí ó ń kó obì Ọ̀tà lọ sí Èkó. Ó gbé sányán olówó iyebíye wá, ó ní kí Ọ̀gá fi dá agbádá fún òun, pé òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gé e, òun ló so ó pọ̀, òun ló ṣiṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Ó wá ku àpò àti etí aṣọ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Abẹ́òkúta pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti kú. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ parí rẹ̀. N ó padà kí Iléyá tó dé."

Àpò ni iṣẹ́ iyì. Etí aṣọ ni iṣẹ́ ọmọdé. Mo nawọ́ mú àpò kí Sàlámì tó la ẹnu. Mo tẹ́ agbádá sílẹ̀, mo gbé àpò lé e, mo fi ẹfun sàmì. Sàlámì ní, "Ràímì, dúró ná. Jẹ́ kí n gbé e wọ̀ kí o wò ó."

Mo gbójú sókè, mo ní, "Ìwọ tí o kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ó jókòó ti etí aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán àpò náà, pẹ̀lú ọnà yíká ẹnu rẹ̀, hóró ọkà kankan kò sì lè wọlé síbẹ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ti ṣe rí ni. Mo lọ aṣọ náà, mo ká a, mo fi ojú àpò sókè kí Ọ̀gá lè rí i. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ni Ọ̀gá dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Kò tú aṣọ wò. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú abẹ́rẹ́ náà, ó ní, "Ó dára." Ọmọ Bàbá Olóbì sì gbé aṣọ lọ.

Èmi náà wà ní yídì lọ́jọ́ kejì. A kírun tán, àwọn oníbárà ti jókòó lójú ọ̀nà, Bàbá Olóbì sì fẹ́ fi kọ́bọ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti kó sínú àpò ṣe sàráà, kí gbogbo ayé rí agbádá rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àyà òsì. Kò sí àpò níbẹ̀. Ó tún fọwọ́ wá a bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ láṣọ. Ó rí i ní àyà ọ̀tún nígbẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún kò sì lè ká wọ ibẹ̀. Òsì ló tì bọ̀ ọ́. Òsì ló fi mú kọ́bọ̀ jáde, òsì náà ló sì fi nà án sí oníbárà kan, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kó ronú. Oníbárà náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún o." Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá Olóbì ń fi òsì ṣe sàráà!" Ẹ̀rín bẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òsì ara mi ni mo wò, n kò wo òsì aṣọ.

Láti yídì ni Bàbá Olóbì ti bọ́ agbádá náà lọ́rùn, tí ó sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, èrò tẹ̀lé e, èmi náà sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀gá gbà á, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó wo èmi àti Sàlámì.

"Ta ló rán àpò yìí?"

N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí fún yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ. Ó ti dé ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n mo wo èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo wo bàbá mi láàárín wọn nínú aṣọ funfun, mo sì dákẹ́.

Bàbá Olóbì ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ tún ń bèèrè ni, Yésúfù? Àpò tó jẹ́ pé òsì nìkan ló lè wọ̀ ọ́! Ṣé kì í ṣe Òṣì yẹn ni?" Èrò ní, "Òun ni, òun ni!"

Ọ̀gá yí àpò náà síta, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó wá gbójú sókè, ó wo èmi, ó sì wo Sàlámì. Bàbá mi àti Ọ̀gá, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n. Ó fi ọ̀bẹ tú àpò náà kúrò lára sányán, gbogbo ihò abẹ́rẹ́ sì hàn níbẹ̀ bí àpá olóde lójú èèyàn. Ó jù ú sí Sàlámì.

"Gba àpò rẹ. Máa lọ."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé e lórí, á wúre fún un, kó tó lọ. Ẹni tó bá lọ láìgba ìwúre ọ̀gá, a gbà pé iṣẹ́ náà kò lè gbè é láé. Sàlámì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àpò náà nílẹ̀, ó sì wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó ń bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de èèyàn. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti lọ.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí sì wọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé èmi lórí, ó wúre fún mi. Ó ní kí n dúró bá òun ṣiṣẹ́. Gbogbo ọdún Iléyá ni ìyá Sàlámì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìtẹ̀lé pẹ̀lú ẹní tuntun kan lórí, á kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá, á ní kí ó dárí jin ọmọ òun, kí ó wúre fún un. Ọ̀gá á wo ibòmíràn, á ní, "Ó dáa, ìyá, ẹ dìde." Kò wúre. Bí ìyá náà bá ń lọ, á yà lọ́dọ̀ mi.

"Ràímì, ọmọ mi, ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bá mi bẹ ọ̀gá yín."

"Mo ń bá yín bẹ̀ wọ́n, Ìyá."

"Ọmọ náà kò ṣe é tinútinú. Ọwọ́ òsì yẹn ni. Èmi ni mo bí i bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá. Mo ń bẹ̀ wọ́n."

N kò bẹ Ọ̀gá rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni n ó ṣe bẹ̀ ẹ́? Nígbà tó sì di ọdún kẹta, ó hun ẹní kan wá fún èmi náà, ó ní kí n fi gba ọpẹ́ òun fún ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀. Mo gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbà á. Mo sùn lórí ẹní yẹn fún ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀gá ṣàìsàn, ó sì dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kan tó ku èmi àti òun nìkan, ó mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Ràímì, àpò yẹn..." Mo ní, "Ẹ sinmi, Ọ̀gá. Ẹ má dá ara yín lágara." Ó wò mí díẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. Ó kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù di tèmi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ dé Ọ̀tà. Mo ra ọ̀kan, ọlọ́wọ́, èyí tí a ń gbé sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá ọ̀tún ni ọwọ́ tí a ń yí wà. Ọ̀tún rẹ á máa yí i ṣáá bí ẹni tó ń lọ ata, òmùgọ̀ lè ṣe é. Òsì rẹ ni yóò máa darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ sí ibi tó yẹ. Òsì! Òsì tèmi kò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ rí. Aṣọ ń lọ bí ejò, mo ń tú, mo ń rán, mo tún ń tú. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kan, mo fi ọwọ́ lérán, mo ń wo ọwọ́ òsì ara mi, mo sì rántí ọwọ́ tí a ń fi etí aṣọ so mọ́ ìbàdí. Ọlọ́run ti rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá sáàárín wa kí ẹ̀rọ tó dé, a sì lé e lọ.

Àwọn olóbì ló kọ́kọ́ mú ìròyìn rẹ̀ bọ̀ láti Èkó. Ọ̀kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ẹ rántí Òṣì tó wà níbí? Ó ti ní ẹ̀rọ mẹ́ta o."

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Ẹni tí ọ̀gá kò wúre fún?"

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n ní ó ń rán ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà àti adájọ́. Mo ní wọ́n ṣì í mú fún ẹlòmíràn ni. Nígbà ogun Hítílà, wọ́n ní ó ń rán kàkí àwọn sójà, pé ogún èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ní ó kọ orúkọ sí ara pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gàdàgbà: ỌLỌ́WỌ́ ÒSÌ. Àwọn ará Èkó kò kúkú ní sùúrù fún ọ̀rọ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n ń pè é ní Olówó Òsì. Orúkọ tí mo fi bú u, òun ló fi ń jẹun. N kò lè sọ irọ́ ni mọ́. Mo kàn ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, nítorí mo ti ra ẹlẹ́sẹ̀ nígbà náà, kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹnu wọn.

Ìyá rẹ̀ kú ní Ìtẹ̀lé. Wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kún ojú ọ̀nà. Gbogbo Ọ̀tà lọ. Èmi ní orúnkún ń dùn mí.

Orúnkún kò dùn mí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú mi kò gbé òwú wọ abẹ́rẹ́ mọ́. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ mi. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì máa ń sọ pé àwọn ń sinmi. Èmi kò rí ìsinmi. Nígbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́, èèyàn lè sá fún ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ tán, kò sí ibi tí a ń sá lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rìn dé Sángo, mo wọ bọ́lẹ̀kájà, mo gba Èkó lọ.

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní kí n jókòó, pé Ọ̀gá ń bọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i lára ògiri, nínú díńgí, bí àwòrán ọba: àpò sányán kan. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọnà ẹnu rẹ̀ ṣì dúró.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àpò Ọ̀gá wa ni, Bàbá. Wọ́n ní àwọn rán an sí apá tí kò yẹ nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀tà, wọ́n sì lé àwọn. Ẹni tó bá wọṣẹ́ níbí, iwájú rẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n á ní ká sọ pé, òsì aṣọ kì í ṣe òsì rẹ."

Ó ti gba ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó ti sọ ọ́ di tirẹ̀, ó ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Sàlámì jáde wá. Ó ti sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Ràímì! O ti gbó o!" Ó dì mọ́ mi, ó mú mi wọ yàrá inú, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. N kò lè jẹ ẹ́.

"Sàlámì, èmi ni mo rán àpò yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀gá náà mọ̀."

"Mo rí wọn nígbà tí wọ́n yí i wo ẹ̀yìn."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ìwọ ni mo ń dúró dè. Mo ní, bí èrò bá túká, Ràímì á sáré tẹ̀ lé mi. Mo jókòó lójú ọ̀nà Ìtẹ̀lé títí oòrùn fi wọ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Jẹ́ kí n jáde, kí n sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ báyìí."

"Kí ló kan àwọn ọmọ wọ̀nyí? Wọn kò tíì dáyé nígbà náà." Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ti kú, Ràímì. Ìyá mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èmi ni mo ba aṣọ aláṣọ jẹ́. Títí tí wọ́n fi kú, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé àwọn bí mi sí òsì."

Sàlámì dìde, ó mú okùn ìwọnṣọ. "Dìde, kí n wọ̀n ọ́. N ó rán agbádá Iléyá fún ọ." Mo ní n kò yẹ ní ẹni tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dìde, jàre." Ó wọ̀n mí léjìká, ó wọ̀n mí láyà. Òsì ló fi kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ àpò mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá tó dé, awakọ̀ kan gbé agbádá náà dé Ọ̀tà, wọ́n dì í nínú ìwé, ó ní wọ́n ní kí n má tú u títí di àárọ̀ Iléyá, kí n sì wọ̀ ọ́ dé yídì. Mo ṣe bí ó ti wí. Sányán ni. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ìyàwó mi ló kó kọ́bọ̀ sàráà sínú àpò rẹ̀, ó gbé e wọ̀ mí lọ́rùn, ó ká etí rẹ̀ lé èjìká, a sì jáde.

A kírun tán. Àwọn oníbárà jókòó lójú ọ̀nà bí ti àtijọ́. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí àyà òsì láti mú sàráà. Ọwọ́ mi kan aṣọ lásán. Kò sí àpò níbẹ̀.

Mo dúró. Mo mọ ibi tó wà kí n tó wá a. Mo ti òsì bọ àyà ọ̀tún, mo mú kọ́bọ̀ jáde, mo nà án síwájú bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tó kù nínú ẹgbẹ́ wa wò mí, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ wọn lẹ́nu, nítorí wọ́n rántí. Lẹ́mọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ súnmọ́ mi, ó di etí agbádá náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá Télọ̀, ẹ̀yin náà! Ta ló rán àpò yìí?"

Ìbéèrè náà gan-an ni, bí Ọ̀gá ṣe bi í lórí àpò Bàbá Olóbì.

"Èmi ni," ni mo wí, mo sì gbé ohùn sókè kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. "Èmi Ràímì ni mo rán an. Kì í ṣe Sàlámì."